Wọ́n ní ìdánwò máa ń fún ìgbàgbọ́ lágbára, kí ló dé tí tèmi ń kú lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mò ń gbé, èlùbọ́ ni mò ń tà. Ó ti di ọdún kan àti oṣù mẹ́rin báyìí tí ọkọ mi ní àsídẹ́ǹtì lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì jinná, kò lè wakọ̀ mọ́, gbogbo owó ọjà mi ló ti wọ ọsibítù. Nígbà tó ku ká mí, olè tún lọ fọ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Páásítọ̀ wa ní kí n máa yọ̀, pé ìdánwò ló ń sọ ìgbàgbọ́ di alágbára. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n lọ yẹ ara mi wò, pé ẹ̀ṣẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Kí n má parọ́, mi ò lè gbàdúrà mọ́. Tí mo bá kúnlẹ̀ ẹnu mi á kàn gbẹ ni. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin tẹ́lẹ̀, mi ò lọ mọ́. Ṣé òótọ́ lohun tí wọ́n ń sọ yìí? Tó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí tèmi ń kú lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, arábìnrin mi. Ẹ kú ìrọ́jú gan-an ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ọ̀rọ̀ yín kí n tó mú bírò, torí kì í ṣòro rárá láti fi ẹsẹ Bíbélì méjì di ẹnu ẹni tó ń sunkún, èmi náà ti ṣe é rí nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé nínú iṣẹ́ àlùfáà, ojú ẹ̀ ṣì ń tì mí dòní.

Páásítọ̀ yín ò parọ́ o, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kù díẹ̀. Wàhálà fúnra ẹ̀ kì í fún ìgbàgbọ́ ní nǹkan kan. Mo ti rí ẹni tí wàhálà sọ di onígbàgbọ́ tó dúró ṣinṣin, mo sì ti rí ẹni tí irú wàhálà yẹn gan-an sọ di ọ̀tá Ọlọ́run àti ọ̀tá èèyàn, tó di pé bó ṣe ń kanra mọ́ ọmọ ẹ̀ náà ló ń kanra mọ́ aládùúgbò. Èlùbọ́ lẹ ń tà, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ jù mí lọ. Oòrùn tó ń gbẹ iṣu fún èlùbọ́ náà ló ń mú ẹ̀fọ́ rọ lórí àtẹ. Iṣu yẹn náà ńkọ́, tí wọ́n bá bọ̀ ọ́ tán, tí wọ́n rẹ ẹ́ mọ́jú, tí wọ́n sá a sórí àpáta tí wọ́n wá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ tí òjò pa á, ṣé á di èlùbọ́? Á bu ni. Ẹnì kan ní láti máa yí i, kó máa kó o wọlé tí òjò bá ṣú, kó tún kó o jáde lọ́jọ́ kejì. Oòrùn nìkan ò ṣe èlùbọ́ rí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ àwọn tó ní kí ẹ lọ yẹ ara yín wò yẹn kúrò nílẹ̀, torí òun ló ń bí mi nínú jù. Ní Lúùkù 13, wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn tó kú ikú òjijì níwájú Jésù, Òun náà wá mẹ́nu ba àwọn méjìdínlógún tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa, ó bi wọ́n pé ṣé wọ́n rò pé àwọn yẹn burú ju gbogbo ará Jerúsálẹ́mù tó kù lọ ni, ó sì dá ara ẹ̀ lóhùn pé rárá. Lóòótọ́ ó fi kún un pé kí wọ́n ronúpìwàdà, àmọ́ gbogbo wọn ló bá wí o, àti àwọn tó ń tọ́ka sí òkú pàápàá. Ká ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn lónìí, mi ò rò pé ilé ìṣọ́ ló máa fi ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni. Ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀, tí tírélà àti bọ́ọ̀sì ti ń bá ara wọn du títì tóóró láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tí èèyàn á gbàdúrà kó tó wọ mọ́tò, á tún gbàdúrà tó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹnì kan wá ní ẹ̀ṣẹ̀ ìyá eléèlùbọ́ ló fa àsídẹ́ǹtì ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù náà, ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, ọjọ́ méje gbáko ni wọ́n fi jókòó tì í nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí wọn ò sọ nǹkan kan, ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n lanu ni gbogbo ẹ̀ bà jẹ́. Nígbà tí ìwé náà máa fi parí, ní orí 42, àwọn tó ń gbèjà Ọlọ́run yẹn ni Ọlọ́run bínú sí, Jóòbù tó ń ráhùn látòkèdélẹ̀ ló ní ó sọ òótọ́ nípa Òun. Kí àwọn tó ń bá yín wá ẹ̀ṣẹ̀ kiri lọ ka ibẹ̀.

Ó kan ibi tí páásítọ̀ yín ti mú ọ̀rọ̀ tiẹ̀, Jákọ́bù orí kìíní, "ẹ ka gbogbo rẹ̀ sí ayọ̀." Ọ̀rọ̀ tó ń dà wá láàmú níbẹ̀ ni ìdánwò. Nínú Yorùbá tiwa, ìdánwò ni WAEC, ìdánwò ni ti èṣù, ìdánwò náà ni ká jí ká bá ṣọ́ọ̀bù wa ní fífọ́. Gíríìkì, èdè tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, náà ní irú wàhálà yẹn, peirasmos kan náà ni wọ́n ń lò fún ìpọ́njú àti fún ìdẹwò, ìdí nìyẹn tí Jákọ́bù fi ní láti sáré padà ní ẹsẹ 13 láti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé Ọlọ́run ló ń fi ibi dán òun wò. Ọ̀pọ̀ wa, ti WAEC ló wà lọ́kàn wa. À ń wo Ọlọ́run bíi tíṣà tó di bírò pupa mú, tó ń wò wá bóyá a máa féèlì. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí Jákọ́bù lò fún dídán ìgbàgbọ́ wò ní ẹsẹ kẹta, tí Pétérù náà lò nínú lẹ́tà ẹ̀ àkọ́kọ́, orí 1 ẹsẹ 7, níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ wúrà tí wọ́n fi iná dán wò, ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ ni. Wúrà kì í yọ́ títí ooru fi máa dé nǹkan bíi 1,064 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, iná tí kì í ṣe ti ìyá alákàrà nìyẹn. Ṣé ẹ sì mọ̀ pé pẹ̀lú gbogbo bí iná yẹn ṣe gbóná tó, kì í fi wúrà kún wúrà? Ìdàrọ́ ló ń yà kúrò lára ẹ̀. Wúrà tó wọ inú iná ló ń jáde, ohun tí kì í ṣe wúrà ló ń ṣẹ́ kù sílẹ̀.

Èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ bá yín wo ohun tẹ́ ẹ ní ó ń kú lọ yẹn. Ṣé ó dá yín lójú pé ìgbàgbọ́ ni? Àbí ìdàrọ́? Torí ọ̀pọ̀ wa ló ti bá Ọlọ́run ṣe àdéhùn kan tí Òun ò fọwọ́ sí. Tí mo bá ń san ìdámẹ́wàá, tí mo ń lọ ìsọ́jí, tí mo ń kọrin, ọkọ mi ò ní rí àsídẹ́ǹtì, olè ò ní yà sọ́dọ̀ mi. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ ó wà lọ́kàn wa, ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ la máa ń mọ̀ pé òun la gbẹ́kẹ̀ lé. Àdéhùn yẹn ti kú, òótọ́ ni, ó sì máa dun èèyàn bí ìgbà tí wọ́n sin òkú ẹni, mi ò fojú kéré ẹ̀. Àmọ́ ẹ tún wo ohun tó ṣẹ́ kù. Ẹ̀ ń bínú sí Ọlọ́run, ó hàn nínú ọ̀rọ̀ yín bẹ́ ò tiẹ̀ pe orúkọ ẹ̀. Ta ló ń bínú sí ẹni tí kò gbà pé ó wà? Ẹ ṣì ń kúnlẹ̀, ẹnu ló gbẹ. Ẹni tó ti parí pẹ̀lú Ọlọ́run kì í kúnlẹ̀ rárá, á ti lọ sùn tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ kejì nínú ẹsẹ Jákọ́bù yẹn ni sùúrù. Bíbélì wa pè é ní sùúrù torí kò sí èyí tó sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ hypomone ni Gíríìkì pè é, ìtumọ̀ ẹ̀ tá a bá tú u palẹ̀ ni kéèyàn dúró sábẹ́ nǹkan. Ẹ wo àwọn ìyá wa tó ń ru ẹrù lọ sí ọjà. Òṣùká ò dín ẹrù kù o, kò yọ kóńgò kan kúrò nínú ẹ̀, ohun tó ń ṣe ni pé orí á lè gbé e. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ kù yìí, ọ̀rọ̀ òṣùká ni.

Ẹ ní ẹ ò lè gbàdúrà. Ó dáa, ẹ má wá àdúrà tuntun mọ́, ẹ yá ti ẹlòmíì lò. Nínú àádọ́jọ Sáàmù tó wà nínú Bíbélì, àwọn tó jẹ́ igbe àti ìráhùn lé ní ogójì, a kì í sábà kà wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì torí wọn ò bá ìlù mu. Sáàmù 13, ẹsẹ mẹ́fà péré, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló béèrè pé yóò ti pẹ́ tó. Sáàmù 88 tiẹ̀ burú jùyẹn lọ, òun ò yíjú sí ìyìn rárá, inú òkùnkùn ló bẹ̀rẹ̀ sí, inú òkùnkùn ló parí sí, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì. Ẹni tó kọ ọ́, Ọlọ́run ló ń bá jà, Ọlọ́run náà ló ṣì ń pè ní Ọlọ́run ìgbàlà mi ní ẹsẹ kìíní. Ẹ kà á sókè lálẹ́, kí ẹ pa Bíbélì dé, kí ẹ sùn. Àdúrà ni. Pọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní akọni, kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì nínú lẹ́tà ẹ̀ kejì, orí kìíní, pé ìpọ́njú tó bá àwọn ní Éṣíà wúwo kọjá agbára àwọn débi pé àwọn ò nírètí ẹ̀mí mọ́. Ó wá ní ó rí bẹ́ẹ̀ kí àwọn má baà gbẹ́kẹ̀ lé ara àwọn, bí kò ṣe Ọlọ́run tó ń jí òkú dìde. Ẹ kíyè sí i pé ó ti jáde níbẹ̀ kó tó sọ apá kejì yẹn.

Mo fẹ́ sọ ti èmi fúnra mi, mi ò kì í sábà sọ ọ́. Ní ọdún kẹta tí mo di páásítọ̀, ọmọ wa ọkùnrin kú, ibà ni wọ́n pè é, ọmọ ọdún mẹ́rin. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e mo wàásù. Wọ́n yìn mí, wọ́n ní ẹ wo ìgbàgbọ́. Irọ́ ni, mi ò gba ohun tí mò ń sọ gbọ́, mo kàn mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jáde lẹ́nu mi ni, bó ṣe rí nìyẹn fún bíi oṣù méje. Bàbá kan wà nínú ìjọ wa, díákónì, àgbẹ̀ ni wọ́n, wọn ò kàwé púpọ̀. Wọ́n á wá lálẹ́, wọ́n á mú ẹ̀pà díndín dání, a máa jókòó síta, a máa jẹ ẹ̀pà, wọn ò ní sọ nǹkan kan, tó bá yá wọ́n á ní ó dàárọ̀. Kò sí pé Ọlọ́run fún ni Ọlọ́run gbà, kò sí pé Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Ó tó bí oṣù kẹrin kí n tó jẹ́wọ́ fún wọn pé bàbá, mi ò gbàdúrà mọ́ o. Mo rò pé àyà wọn á já. Wọ́n fẹ́ èèpo ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́, wọ́n ní, "Mo mọ̀. Èmi ni mo ń gbà á fún àwa méjèèjì látọjọ́ yìí. Tó bá ti yá yín, ẹ ó gba tiyín padà."

Ìgbà yẹn ni Máàkù orí kejì tó yé mi. Àwọn mẹ́rin gbé arọ wá, wọ́n dá òrùlé olórùlé lu, Bíbélì ní nígbà tí Jésù rí ìgbàgbọ́ wọn. Wọn, kì í ṣe tiẹ̀ nìkan. Ọkùnrin yẹn ò sọ ọ̀rọ̀ kankan nínú gbogbo ìtàn náà. Tí ẹ bá bi mí pé ta ló ń yí iṣu nínú oòrùn, irú bàbá ẹlẹ́pà yẹn wà lára wọn. Àti pé ìgbàgbọ́ tí mo gbà padà lọ́wọ́ wọn nígbà tó yá kì í ṣe èyí tí mo ní tẹ́lẹ̀. Ó kéré sí i lẹ́nu, kò pariwo mọ́, àmọ́ mi ò bẹ̀rù ìbéèrè mọ́, mo sì lè jókòó ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ láìsọ ìsọkúsọ. Tí wọ́n bá ní ìgbàgbọ́ lágbára, èyí ni èmi mọ̀ sí i. Ọmọ mi ṣì wù mí kó wà o. Tí wọ́n bá ní kí n yàn, ọmọ mi ni mo máa yàn, mo sì rò pé Ọlọ́run mọ̀.

Ẹ ó ti gbọ́ orúkọ Àjàyí Crowther. Ọmọ Òṣogùn ni, ní agbègbè Ìṣẹ́yìn níbí, ìpínlẹ̀ wa yìí. Ní 1821 ogun kó o pẹ̀lú ìyá ẹ̀ àti àwọn àbúrò ẹ̀, wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tà á léraléra títí ó fi dé ọwọ́ àwọn Potogí létíkun. Òun fúnra ẹ̀ sọ nínú lẹ́tà kan tó kọ ní 1837 pé lójú ọ̀nà yẹn òun gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara òun, ọkàn òun ni ò gbà á. Ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gba àwọn ẹrú inú ọkọ̀ náà sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n kó wọn lọ sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti di Kristẹni. Nínú lẹ́tà yẹn kan náà ló ti pe ọjọ́ tí ogun kó o ní ọjọ́ ìbànújẹ́, ó wá ní wọ́n ti kọ́ òun láti máa pè é ní ọjọ́ ìbùkún, lápá ibòmíràn. Kò pa ìbànújẹ́ rẹ́. Méjèèjì ló fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọdún mẹ́rìndínlógún sì ló gbà á kó tó lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1846 ni òun àti ìyá ẹ̀ tó fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta, ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n pínyà. Mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àlùfáà pé tẹ́ ẹ bá wà nínú ọkọ̀ ẹrú yẹn, ṣé ẹ máa sọ fún ọmọ náà pé kó ka gbogbo ẹ̀ sí ayọ̀, torí ó máa di bíṣọ́ọ̀bù lọ́la? Wọ́n máa ń dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìbùkún nínú ìpọ́njú, ẹni tó ru ẹrù ló ń sọ ọ́, nígbà tó bá yá a. Tí ẹlòmíì bá gbà á sọ fún un, òkúta ni. Ní 1918 tí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú, ìyẹn influenza, dé, tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì pa, àwọn díẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ń pàdé gbàdúrà, ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ti jáde, ó sì wà lára gbòǹgbò tí CAC hù lára ẹ̀. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ mi ò ní dúró níwájú ìyá tó sin ọmọ ẹ̀ lọ́dún yẹn kí n ní torí kí ṣọ́ọ̀ṣì lè gbilẹ̀ ni. Àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ìrònú èèyàn méjì ní Amẹ́ríkà, Richard Tedeschi àti Lawrence Calhoun, ti kọ ìwé lórí irú ìdàgbàsókè tó máa ń tẹ̀ lé àjálù látìgbà tó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ìgbàgbọ́ sì wà lára ibi márùn-ún tí wọ́n ní ìyípadà ti lè hàn. Àwọn náà ní àjálù kọ́ ló ń mú un wá, bí èèyàn ṣe ń bá a wọ̀yá ìjà ni, àti pé èèyàn lè máa dàgbà kí ó ṣì máa dùn ún. Mo ní ẹ wo bó ṣe jọ ọ̀rọ̀ Àjàyí.

Ohun tí ẹ máa ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí ńkọ́? Ẹ jẹun, ẹ sùn. Mi ò ṣàwàdà o. Nígbà tí Ẹlíjà sùn sábẹ́ igi tó ní kí Ọlọ́run pa òun, àkàrà àti omi ni áńgẹ́lì gbé wá, ó jẹ, ó tún sùn, wọ́n tún jí i pé kó jẹun sí i, ìgbà tó yá ni Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀. Tí irú èrò Ẹlíjà yẹn bá ń wá sí yín lọ́kàn, ẹ má dá a gbé, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ẹ sì lọ rí dókítà, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ẹ wá ẹlẹ́pà tiyín, obìnrin kan ṣoṣo tí kò ní gbà yín nímọ̀ràn. Ẹ sọ fún páásítọ̀ yín ní tààrà pé owó ọjà ti tán, kí ìjọ mọ̀, bóyá kò mọ̀, wọ́n lè rò pé ọwọ́ yín ṣì dí ni ẹ ò fi wá. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ mú owó wá kí òun fi bá yín gbààwẹ̀, ẹ dákun, àpò èlùbọ́ tó bá ṣẹ́ kù, ẹ má tà á torí ẹ̀.

Ti akọrin, mo rò pé kí ẹ padà. Ẹ sọ fún olórí akọrin kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀ pé ẹ ò ní kọ, pé ẹ kàn fẹ́ jókòó láàárín wọn ni. Àwọn tó kù á máa gbé orin náà lọ, ọjọ́ tí ìlà kan bá bọ́ sí yín lẹ́nu, ẹ kọ ìlà yẹn, kẹ́ ẹ tún dákẹ́.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Ẹ ní mo ní kó má fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ kí dókítà tó ní ó yá o, mo mọ àwọn awakọ̀.